Kèké ò mọ àgbà

Ẹ̀yin tèmi, ẹ fara balẹ̀, eré orí ìtàgé kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín. Everybody lorúkọ ẹ̀. Branden Jacobs-Jenkins, ará Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́. New York ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é lọ́dún 2017.

Nǹkan tó mú mi níbẹ̀ rèé: òṣèré márùn-ún máa ń ṣẹ́ kèké lójú àwọn òǹwòran, lálaalẹ́. Ẹni tí kèké bá mú ni Ikú wá pè lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn mẹ́rin tó kù á wá ṣe ọ̀rẹ́, ẹbí àti dúkìá ẹ̀. Torí náà, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ipa sórí. Ọ̀nà 120 ni kèké yẹn lè gbà já. Ẹni tó kú lánàá lè jẹ́ ọ̀rẹ́ olókùú lónìí. Àbí ẹ ò rí i bí ayé ṣe rí gan-an?

Ikú ní kí ẹni náà wá ẹni tó máa sìn ín lọ. Ọ̀rẹ́ ṣe ẹnu dídùn, ó sá. Ẹbí sá. Dúkìá ò tiẹ̀ mira. Ìfẹ́ ló padà bá a wọ sàréè.

Ìtàn yìí ò ṣàjèjì o. Inú eré Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan, Everyman, tó ti lé ní 500 ọdún, ló ti wá. Dúró Ládiípọ̀ náà ti fi Yorùbá ṣe é rí, ó pè é ní Ẹ̀dá.

Ṣùgbọ́n nílé wa, ẹ dárúkọ ikú wò. “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Tutọ́ ẹ dànù!” Nígbà tí bàbá mi jáde láyé, aṣọ ẹbí ti délé ká tó mọ báǹkì tí owó wọn wà. A tú àpótí, a tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fóònù wọn wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ nọ́ńbà tí wọ́n fi tì í. Owó ẹ̀yá ni ẹ̀gbọ́n mi fi sìnkú.

Lóṣù tó kọjá, mo sọ ìtàn eré yìí fún màámi. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí ọ̀rẹ́ sá. Nígbà tí ẹbí sá, ẹ̀rín tán.

Mo ní, “Màámi, ìwé ilẹ̀ yẹn ńkọ́?”

“Ṣé o fẹ́ kí n kú ni?”

“Rárá o, mà. Mi ò kàn fẹ́ ká tún máa tú àpótí ni.”

Wọ́n dákẹ́, ó pẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní kí n lọ mú bírò.

Ojú ìwé kan àbọ̀ la kọ. Báǹkì, ìwé ilẹ̀, ẹni tó jẹ wọ́n lówó, ẹni tí wọ́n jẹ. Aṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ ló gbẹ̀yìn: “Àdìrẹ ni o. Ẹ má wọ léèsì fún mi, ooru á mú mi.” La bá bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ bá àwọn òbí yín sọ ọ́. Kẹ́ ẹ sì kọ tiyín náà sílẹ̀ o, ẹ má wo ti ọmọ ọdún mélòó lẹ jẹ́. Kèké ò mọ àgbà, kò mọ ọmọdé.