Wáṣà Méjì Tí Mo Fi Sínú Gómìnà Pọ́ǹpù

Wáṣà méjì ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó èékánná ìka mi kékeré. Mo ṣì ní wọn nínú agolo tí mo ń kó bóòtù sí. Nígbàkigbà tí ọwọ́ mi bá kàn wọ́n, ìtìjú tún máa ń mú mi bíi ti ọjọ́ tí mo fi wọ́n sínú pọ́ǹpù ọkọ̀ mi. Owó tí wọ́n ná mi dùn mí, ṣùgbọ́n irọ́ tí mo pa fún ìyá mi nítorí wọn ló dùn mí jù. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ọdún 2003 ni mo ra ọkọ̀ náà, Golf ìran kejì, tòkunbọ̀ tó gba Kútọnu wọlé. Dísẹ̀lì ló ń mu. Ẹ́ńjìnnì 1.6 ni, agbára ẹṣin 54 péré ló ní, kò sì ní tọ́bò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Lítà kan lè gbé mi rin kìlómítà 15, bí mo bá sì rọ epo kún táǹkì n'Íbàdàn, mo lè lọ sí Èfọ̀n-Alààyè kí n sì padà láì ya ilé epo kankan. Ìyá mi ni mo sábà máa ń gbé lọ síbẹ̀. Títí a ó fi kọjá Iléṣà kò sí wàhálà. Ìgbà tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Èfọ̀n ni ọkọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá èémí. Jíà kẹta á kọ̀, màá bọ́ sí ìkejì, màá tẹ tíróòtù délẹ̀, síbẹ̀ tírélà ẹlẹ́rù á máa fọn fèrè sí mi lẹ́yìn. Ní ọjọ́ kan, ọmọ kọ́ndọ́ kan na ọwọ́ jáde nínú bọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń kọjá lára wa, ó ní, "Bàbá, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tì í!" Ìyá mi tó jókòó sẹ́yìn kò sọ nǹkan kan. Dídákẹ́ tó dákẹ́ yẹn ló gún mi lọ́kàn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti gbé ní Jámánì rí ló sọ fún mi pé àwọn tó fẹ́ràn dísẹ̀lì àtijọ́ lọ́hùn-ún máa ń tú gómìnà pọ́ǹpù, wọn a fi wáṣà há ìdí sípíríìnì rẹ̀, ọkọ̀ a sì máa sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́ lọ. Òótọ́ ló sọ. Ohun tí kò sọ, tí èmi náà kò sì béèrè, ni pé púpọ̀ nínú ọkọ̀ àwọn yẹn ló ní tọ́bò.

Kí n ṣàlàyé gómìnà yìí, torí pé ká ní mo mọ̀ ọ́n nígbà náà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n báyìí, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ọkọ̀ pẹtiróòlù ní ilẹ̀kùn kan ní ọ̀fun ibi tó ti ń mí. Ẹsẹ̀ wa lórí tíróòtù ló ń ṣí i, òun náà ló ń tì í. Dísẹ̀lì bíi tèmi kò ní irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Gbogbo afẹ́fẹ́ tó bá wù ú ló ń fà, epo tí pọ́ǹpù bá wọ̀n fún un ló ń pinnu bí yóò ṣe sáré tó. Bí epo bá ń wọlé láìsí ẹni tó ń dín in kù, eré ẹ́ńjìnnì á máa le sí i ni títí nǹkan kan yóò fi já nínú rẹ̀. Ẹni tó ń dín in kù náà ni gómìnà.

Bosch ti Jámánì, tó ti ń ṣe pọ́ǹpù dísẹ̀lì láti 1927, ló ṣe irú èyí tó wà lára ọkọ̀ mi. VE ni wọ́n ń pè é. Irin wúwo kéékèèké mẹ́rin ló ń yí po nínú rẹ̀. Bí eré bá ṣe ń le sí i ni wọ́n ń fẹ̀ síta, bí òkúta inú kànnàkànnà tí a fi ń lé ẹyẹ lóko ṣe máa ń fẹ́ já mọ́ni lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti fẹ̀, wọn a ti apá irin kan, apá náà a sún òrùka kékeré tó wà lára ọ̀pá tó ń ta epo sí nọ́sù, epo a sì dín kù. Sípíríìnì kan wà ní òdìkejì tó ń bá wọn du apá irin yìí, okùn tíróòtù ló sì ń na sípíríìnì náà. Ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ awakọ̀ kọ́ ló ń da epo sínú ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì. Eré ni ẹsẹ̀ ń béèrè. Gómìnà ló ń wo eré tó wà nílẹ̀, tó sì ń wọn epo tó bá a mu. Síkúrúù kan tún wà lẹ́yìn pọ́ǹpù tó ń sọ ibi tí epo kò gbọdọ̀ kọjá, bó ti wù kí a tẹ tíróòtù tó. Wọ́n ti fi èdìdì dì í láti ilé iṣẹ́.

Síkúrúù yẹn ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ní 2006. Mo fọ́ èdìdì rẹ̀, mo fi ìdá kan nínú mẹ́rin yí i wọlé. Ọkọ̀ náà ta kìjí díẹ̀. Mo tún fi kún un. Èéfín dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé mi káàkiri ìgboro. Bàbá tó ń ṣe kalibréṣọ̀n fún wa, ìyẹn wíwọn epo tí pọ́ǹpù ń tú jáde, rí mi lọ́jọ́ kan, ó dá mi dúró.

"Tíṣà, kí lo ṣe fún ọkọ̀ yìí?"

Mo ṣàlàyé fún wọn.

"Epo lo fi kún un, o ò fi afẹ́fẹ́ kún un. Epo tí kò rí afẹ́fẹ́ bá jóná ni èéfín yìí. Ooru rẹ̀ á sì jẹ písítìnì rẹ. Dá a padà síbi tó wà. Má sì jẹ́ kí n gbọ́ pé o ṣí orí pọ́ǹpù yẹn."

Mo ní, "Mo ti gbọ́ o, Bàbá, ẹ ṣé sà." Mi ò dá a padà.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ọ̀la rẹ̀ la fẹ́ lọ sin ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Èfọ̀n. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ gun òkè yẹn lọ́jọ́ náà láìsí ẹni tí yóò fi wá ṣẹ̀sín. Ní ìrọ̀lẹ́, mo tú bóòtù mẹ́rin tó wà lórí pọ́ǹpù, mo gbé ọmọrí rẹ̀ sókè, mo yọ ìkọ́ sípíríìnì. Irin inú rẹ̀ ń dán bíi dígí nínú dísẹ̀lì. Dísẹ̀lì náà ni òróró rẹ̀, kò sí òróró mìíràn níbẹ̀. Mo fi wáṣà méjì há ìdí sípíríìnì kí ó lè le, kí gómìnà má tètè borí rẹ̀. Mo dì í padà.

Nǹkan kan wà tí mi ò rántí. Irin oníná kékeré kan ló máa ń dí ọ̀nà epo lára pọ́ǹpù nígbà tí a bá pa kọ́kọ́rọ́, òun ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ kú. Tèmi ti bàjẹ́ láti ọdún tó ṣáájú. Rẹwáyà yọ ọ̀pá inú rẹ̀ kí ọkọ̀ lè rìn, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń fi jíà pa á. Mi ò ra òmíràn. Ẹ̀ṣọ́ kan ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà, èmi tún lọ de ẹ̀ṣọ́ kejì lọ́wọ́.

Àbúrò mi ló jókòó sídìí ọkọ̀. Èmi bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì níwájú. Ó ta á. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ rí bíi ti tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ga, kò sì sí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lórí tíróòtù. Mo pariwo pé, "Pa á!" Ó ní, "Mo ti pa á!" Ó ti yọ kọ́kọ́rọ́, ó ń nà án sí mi láti inú gíláàsì. Èéfín bo gbogbo àgbàlá, ọkọ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, mi ò sì gbọ́ ohùn ara mi mọ́. Ìyá mi sáré jáde, ó ń ké orúkọ àbúrò mi. Mo fa àbúrò mi jáde, mo bọ́ síbẹ̀, mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ tipátipá, mo ki í sí jíà kẹrin, mo sì yọ ẹsẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ fò síwájú, nǹkan ró gbàù nínú rẹ̀, ó kú.

Ìyá mi bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní bẹ́líìtì ló já. Mo ní ọkọ̀ ti gbó. Ó ní, "Ọlọ́run ló yọ wá o, ó lè já lójú ọ̀nà," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún wọ bọ́ọ̀sì elérò lọ sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo jókòó tì í nínú bọ́ọ̀sì yẹn, mi ò sì lè wò ó lójú títí a fi dé.

A fa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Bàbá. Bẹ́líìtì kò já, ńṣe ló fo eyín. Nínú fáàfù mẹ́jọ, márùn-ún ló ti tẹ̀ nítorí pé písítìnì gbá wọn. Ṣùgbọ́n kí Bàbá tó tú ohunkóhun, wọ́n ní kí àbúrò mi wọlé kó tẹ tíróòtù délẹ̀, kí èmi wá máa wo orí pọ́ǹpù. Apá irin tí okùn tíróòtù ń fà yẹ kó lọ gbá síkúrúù tó dá a dúró ní ìpẹ̀kun. Kò dé ibẹ̀. Ìka mi kékeré wọ àlàfo tó kù láìfara gbún un. Okùn náà ti dẹ̀. Bàbá tún tú fílítà epo, wọ́n dà á sínú ike: omi ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni ẹrẹ̀ dúdú.

Wọ́n ní, "Tíṣà, ọkọ̀ yìí kò tíì fún ọ ní gbogbo agbára rẹ̀ rí."

Wọ́n bi mí ní jíà tí mo fi ń gun òkè náà àti iye kìlómítà tí mo ń sá. Wọ́n fi ọ̀pá kọ ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀: ẹ́ńjìnnì kò yí tó ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ìgbà 4,800 sì ni ẹ́ńjìnnì yìí gbọ́dọ̀ yí kí agbára ẹṣin 54 rẹ̀ tó pé. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni gómìnà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í gé epo ní tirẹ̀. Bí a bá ti wà lórí òkè ní tíróòtù délẹ̀, gómìnà kò tíì dí wa lọ́wọ́ rárá. Ẹni tí kò ṣẹ̀ mí ni mo lọ bá jà.

Bàbá yọ wáṣà méjèèjì, wọ́n kó wọn lé mi ní àtẹ́lẹwọ́. Wọn kò bá mi wí. Wọ́n gbé pọ́ǹpù sórí ẹ̀rọ kalibréṣọ̀n, nọ́sù mẹ́rin lókè, ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ onílà mẹ́rin nísàlẹ̀. Wọ́n yí i, wọ́n dá a dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé pẹ̀lú epo inú ìgò, wọ́n kà á. Wọ́n yí síkúrúù tí mo bà jẹ́ padà bín-ín-tín, wọ́n tún kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ṣe é. Mo dúró tì wọ́n títí. Iṣẹ́ tí mo fi sípánà àti ìgboyà ṣe lójú kan, ìgbà mẹ́fà ni ẹni tó mọ̀ ọ́n wọ̀n ọ́n kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń lo dísẹ̀lì àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, bí ó bá ń rẹ ọkọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ wo okùn tíróòtù. Lẹ́yìn náà fílítà afẹ́fẹ́ àti ti epo. Ẹ fi rọ́bà tí a lè rí inú rẹ̀ sójú ọ̀nà epo, kí ẹ wò ó bóyá afẹ́fẹ́ ń bá epo wọlé. Ẹ yẹ nọ́sù wò, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo táímìnì pọ́ǹpù, nítorí bẹ́líìtì tó ti gbó lè sún un sẹ́yìn. Ìgbà tí gbogbo ìwọ̀nyí bá pé ni kí ẹ tó ronú kan síkúrúù epo, kí ẹ sàmì sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó yí i. Gómìnà ní tirẹ̀, orí ẹ̀rọ kalibréṣọ̀n ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ní tọ́bò, tó ti fi kún afẹ́fẹ́, tó sì ní ohun tó fi ń wọn ooru èéfín, lè ní kí wọ́n tún un ṣe níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe ta ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú pọ́ǹpù rẹ̀ bí kọ́kọ́rọ́ kò bá lè pa á. Ẹ ní pátákó pẹlẹbẹ lọ́wọ́ tí ẹ lè fi dí ibi tó ti ń mí. Ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ dí i láé, ó lè fà á wọlé.

Ọkọ̀ náà ń fi jíà kejì gun òkè Èfọ̀n láìsí èéfín báyìí. Tírélà mìíràn ṣì máa ń kọjá lára wa, torí pé agbára ẹṣin 54 náà ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ ṣe ogójì ọjọ́ olóògbé, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sì sọ òótọ́ fún ìyá mi níbẹ̀. Mo fi wáṣà méjèèjì hàn án. Ó wò wọ́n pẹ́.

"Àjàní, èmi ò ní kí o sáré. Mo ní kí o gbé mi délé ni."

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, ilẹ̀ ti ń mọ́. Àbúrò mi kò sí nílé lọ́jọ́ náà, mo wá bẹ ìyá mi pé kó bá mi jókòó sídìí ọkọ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó wá ẹsẹ̀ tíróòtù rí.

"Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́ délẹ̀."

"Ó ti délẹ̀."

Mo fi ìka mi kékeré wá àlàfo náà. Kò sí níbẹ̀.