Àwòrán Ọmọ Ta Ni Wọ́n Ń Pín Kiri?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí Boko Haram kó àwọn ọmọbìnrin Chibok lọ lọ́dún 2014, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní London ń bi mí bóyá ẹ ti sá kúrò ní Ìsọlọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Sá lọ síbo? Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mò ń pàtẹ aṣọ mi ní ọjà Aswani. Láti Ìsọlọ̀ l'Ékòó dé Chibok ní Borno ju 1,000 kìlómítà lọ!

ÀBÚRÒ: Lójú wọn, ogun ti gba Nàìjíríà tán. Àwòrán ọmọbìnrin kan wá ń lọ káàkiri lórí Twitter, wọ́n ní ara àwọn ọmọ Chibok ni. Irọ́ ni! Guinea-Bissau ni wọ́n ti ya ọmọ náà, ọdún díẹ̀ ṣáájú. Ami Vitale tó ya fọ́tò náà ló fúnra rẹ̀ figbe ta.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣùgbọ́n ọmọ 276 ni wọ́n jí gbé lóòótọ́. Bí àwòrán yẹn bá mú kí aráyé bá wa ké, kí ló burú níbẹ̀?

ÀBÚRÒ: Ọmọ yẹn náà ní ìyá, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ rò ó wò, kí ojú ọmọ tiyín wà lórí fóònù gbogbo ayé, kí wọ́n ní ó wà lọ́wọ́ àwọn agbésùnmọ̀mí. Àwọn ìyá Chibok ńkọ́? Ojú ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fi bo ti ọmọ wọn. Lójú ẹni tó ń pín in, ọmọ dúdú kan ò yàtọ̀ sí èkejì.

Ẹ̀GBỌ́N: Òótọ́ lo sọ. Àmọ́ má di gbogbo ẹ̀bi náà ru òyìnbó. Ọjọ́ 14, oṣù Kẹrin ni wọ́n kó àwọn ọmọ náà. Ọjọ́ 16, àwọn ológun tiwa kéde pé wọ́n ti gba gbogbo wọn padà, ó ku mẹ́jọ. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹwàá, wọ́n tún ní Boko Haram ti gbà láti dáwọ́ ogun dúró. Ìkọlù ò dáwọ́ dúró. Láàárín ìgbà náà, ìjọba ti gba Levick, ilé iṣẹ́ tó ń báni tún orúkọ ṣe ní Washington, síṣẹ́, owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là, kó bá wọn tún tiwọn ṣe. Orúkọ wo, nígbà tí òbí ò tíì rí ọmọ?

ÀBÚRÒ: Ti ogun Biafra náà ńkọ́? Láti Geneva ni ilé iṣẹ́ agbéròyìnjáde kan, Markpress, ti ń bá Biafra kọ ìròyìn sí gbogbo Yúróòpù, pé ìjọba Nàìjíríà fẹ́ pa ẹ̀yà Ìgbò run. Lọ́dún 1968, àwọn aṣojú láti Britain, Canada, Sweden àti Poland wá wò ó, wọ́n ní àwọn ò rí ẹ̀rí rẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyẹn ò sọ ebi di irọ́ o. Ìjọba àpapọ̀ dí ọ̀nà, Ojukwu tó jẹ́ olórí Biafra náà kọ̀ kí oúnjẹ gba orí ilẹ̀ wọlé. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló kú. Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ Markpress pa òkú wọn rẹ́. Ohun tó ń dùn mí jù ni bí àwa fúnra wa ṣe ń dákẹ́. Ọjọ́ 27, oṣù Kínní, ọdún 2002, nígbà tí àdó olóró ń bú ní bárékè Ìkẹjà, kò sẹ́ni tó tètè sọ fún wa. Ẹnì kan ní ológun ti gbàjọba, ẹlòmíràn ní ogun ti dé. Ilẹ̀ ti ṣú. Ojú oró bo kánààlì Òkè-Àfà, àwọn èèyàn rò pé ilẹ̀ ni. Ẹni iwájú ń rì, ẹni ẹ̀yìn ń tì í. Nínú àwọn tó lé ní 1,000 tó kú, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn kú sí.

ÀBÚRÒ: Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní London ṣì ń fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Gbé e wá kí n rí i. Bí wọ́n bá ní Òṣòdì ni, màá wọ dáńfó lọ wò ó.

ÀBÚRÒ: Bó bá jẹ́ Borno ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Ọkùnrin tó ń ta àlùbọ́sà fún mi, ará Maiduguri ni. Màá ní kó pe ilé.