Ìsọyè Tí A Kì Í Fi Owó Rà

Ní gbogbo ìgbà tí ìdánwò àwọn ọmọ ilé-ìwé bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ kan a máa jáde lẹ́nu òbí àti ọmọ bákan náà. Ọ̀rọ̀ náà ni ìsọyè. Ọmọ yóò kàwé títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá jókòó níwájú ìwé ìbéèrè, yóò dà bí ẹni pé a fi omi fọ gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà náà ni ẹnìkan yóò gba ìyá rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ó lọ ra èyí tí a ń fi oyin lá, tàbí oògùn oníhóró tí àwọn akiritajà ń polówó. Àwa ti rí ìyá tí ó ta aṣọ rẹ̀ nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. A sì ti rí ọmọ tí inú ń run ní ọjọ́ ìdánwò gan-an, nítorí ohun tí a fún un mu ní òru.

Ìsọyè mìíràn ni àwa fẹ́ bá yín sọ lónìí, èyí tí a kì í fi owó rà, tí kì í sì í ṣe awo. Èrò wa ni pé iyè kì í ṣe ìṣúra tí Ọlọ́run fi fún ẹnìkan, tí ó sì fi du ẹnìkejì. Bí oko ni ó rí. Lóòótọ́, ilẹ̀ ẹnìkan lè lọ́ràá ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ ebè, tí ó gbin nǹkan sí i, tí ó sì ń padà lọ ro ó, òun ni yóò kórè.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni iyè ń ṣe: ó ń gba ohun wọlé, ó ń pa á mọ́, ó sì ń mú un jáde nígbà tí a bá fẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí a ń pè ní ìgbàgbé kì í ṣe ìgbàgbé rárá. Ohun náà kò wọlé ni. Ẹni tí ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ níbi tí ó ti ń bá ọmọ wí, tí ó sì ń dá ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn lóhùn, kò gbàgbé ibi tí ó fi í sí. Kò mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Èdè wa pàápàá ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí. Àfiyèsí ni a ń pè é, èyíinì ni pé a fi iyè sí ohun náà. Ohun tí a kò fi iyè sí, iyè kò lè pa á mọ́. Nítorí náà, bí a bá fi àlejò hàn yín, ẹ fi ẹnu yín pe orúkọ rẹ̀ bí ẹ ti ń kí i, kí ẹ sì tún pè é nígbà tí ẹ bá ń dágbére. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn, ẹ sọ ọ́ jáde pé, “Mo ti tì í.” Bí ọmọ bá sì ń kàwé, kí fóònù wà ní yàrá mìíràn. Ọkàn kan kò lè jókòó lórí àga méjì.

Ọ̀nà kejì ni pé kí a so ohun titun mọ́ ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí a kò so mọ́ nǹkan kì í pẹ́ sá lọ. Àwọn baba wa mọ èyí dáadáa. Nígbà tí wọ́n ń fi àrokò ránṣẹ́, owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ fà sí ẹni tí yóò gbà á, nítorí pé ẹ̀fà àti fífà jọ dún létí. Owó ẹyọ mẹ́jọ sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Nínú Ìwé Mímọ́ pẹ̀lú, nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì la Jọ́dánì kọjá, a kó òkúta méjìlá láti inú odò náà, kí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí lè máa béèrè ìtumọ̀ wọn. Òkúta kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń mú ìtàn wá sí ẹnu baba.

Ibi tí a mọ̀ dáadáa tún jẹ́ èèkàn tí ó lágbára. Cicero, agbẹjọ́rò ará Róòmù, ròyìn nípa Simonides, akéwì ará Gíríìsì, nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 55 kí a tó bí Olúwa wa. Ó ní òrùlé ilé àsè kan wó lu àwọn àlejò lẹ́yìn tí Simonides ti bọ́ síta, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹbí kò lè dá òkú wọn mọ̀. Simonides fi ọkàn rẹ̀ padà sí ibi tí olúkúlùkù ti jókòó, ó sì dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá tí yóò bá Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá sọ ọ̀rọ̀ onípín-márùn-ún lè lo ọgbọ́n kan náà. Kí ó fi ojú inú gbé ìpín kìn-ín-ní sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, èkejì sórí àga ní pálọ̀, ẹ̀kẹta sórí tábìlì, ẹ̀kẹrin sórí ibùsùn, àti ẹ̀karùn-ún sídìí ààrò. Nígbà tí ó bá dìde sọ̀rọ̀, kí ó máa rìn wọ ilé rẹ̀ lọ ní ọkàn. Ẹni tí ń lọ sí ọjà pẹ̀lú lè rí ẹja tí ó jókòó sí àga baálé, tàbí kí ó rí iyọ̀ tí ó dí ẹnu ọ̀nà. Bí àwòrán náà bá ti pa wá lẹ́rìn-ín tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ti pẹ́ lọ́kàn tó.

Ọ̀nà kẹta ni àwa kà sí olórí gbogbo wọn, síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú fò dá. Òun ni pé kí a pa ìwé dé, kí a sì pe ohun tí a kà jáde láti inú ara wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ a máa ka ojú ìwé kan ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, nítorí pé bí ó ti ń di ohun tí ojú wọn mọ̀, wọ́n rò pé ó ti di tiwọn. Ní ọdún 2006, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, dán èyí wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tí ó tún ìwé kà ló mọ̀ ọ́n jù. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tí ó pa ìwé dé tí wọ́n sì gbìyànjú láti rántí rẹ̀ ló borí.

A mọ opó kan nínú ìjọ wa tí ń ta ẹ̀fọ́, tí kò mọ ìwé kà. Ní alaalẹ́, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin yóò kàwé fún ìwọ̀nba àkókò. Lẹ́yìn náà, ìyá yóò gba ìwé náà, yóò pa á dé, yóò sì gbé e lé itan.

“Ó yá, ọmọ mi, sọ ọ́ kí ó yé mi.”

“Màámi, ọkàn ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara.”

“Bí ó bá ti lọ, ọ̀nà wo ni ó ń gbà padà?”

Bí ọmọ bá dákẹ́, ìyá yóò dá ìwé padà fún un kí ó lọ wá ibi tí ó ti sọnù, kò sì ní bínú sí i. Obìnrin yìí kò mọ̀ pé iṣẹ́ tí òun ń ṣe ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ̀wé lé lórí. Ohun tí ó sọ fún wa ni pé òun fẹ́ mọ ohun tí owó ẹ̀fọ́ òun ń rà. Ọmọ náà kò gba ipò kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rù ìbéèrè mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ pé ẹ kò lè ran ọmọ yín lọ́wọ́ nítorí pé ẹ kò lọ sí ilé-ìwé.

Ọ̀nà kẹrin ni pé kí a máa padà sí i ní àsìkò tí ó jìnnà síra. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1885 lórí ohun tí ó dán wò lára òun tìkára rẹ̀. Ó kọ́ àwọn ìró ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì ń wo bí wọ́n ti ń sá lọ. Láàárín wákàtí kan, ó ju ìdajì èrè iṣẹ́ rẹ̀ lọ tí ó ti sọnù. Ní ọjọ́ kejì, ó ku bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí, ìsọnù náà kò yára mọ́. Ó tún rí i pé kíkọ́ tí a pín sí ọjọ́ púpọ̀ sàn ju èyí tí a kó jọ sí ọjọ́ kan. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ilé wa, a kì í fi àkọ́sórí Ọjọ́ Ìsinmi sílẹ̀ di alẹ́ Sátidé. A ń béèrè rẹ̀ nídìí oúnjẹ ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, a tún ń béèrè rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ní ọjọ́ kẹrin, ní ìparí ọ̀sẹ̀, àti ní ìparí oṣù. Àṣẹ tí a pa fún àwọn òbí nínú Deuterónómì orí kẹfà, pé kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ ọmọ wọn nílé àti lọ́nà, ní alẹ́ àti ní òwúrọ̀, ọgbọ́n kan náà wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì fi pàṣán kún un. Ẹ̀rù a máa lé ohun tí ọmọ mọ̀ pàápàá kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé ìwé kíkọ ń ba iyè jẹ́. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn arókin Ọ̀yọ́ pa ìtàn àwọn ọba mọ́ láti ìran dé ìran, lọ́dọ̀ wọn ni Àlùfáà Samuel Johnson sì ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí ó kọ sínú Ìtàn Àwọn Yorùbá. Ó parí rẹ̀ ní ọdún 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba, ó sì sọnù síbẹ̀. Àlùfáà náà kú ní ọdún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún ìwé náà kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1921. Ìbá ṣe pé orí nìkan ni Àlùfáà náà fi pa á mọ́, ìbá bá a wọ ilẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ ìbí, gbèsè, àdéhùn àti àsìkò oògùn sílẹ̀, kí ọkàn yín lè ráyè fún ohun tí ó yẹ ní mímọ̀.

Ara pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Àwọn ọmọ tí ń fi ẹsẹ̀ bọ omi tútù kí wọ́n má bàa sùn ní òru ìdánwò ń da irúgbìn wọn nù. Láti ọdún 1924 ni Jenkins àti Dallenbach ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé ohun tí a kọ́ kí a tó sùn kì í sá lọ tó èyí tí a kọ́ kí a tó máa ṣe wàhálà ọ̀sán. Àwọn àgbàlagbà náà ní ìrètí. Ní ọdún 2011, a ròyìn àwọn àgbàlagbà 120 ní Amẹ́ríkà. Ìdajì wọn ń rìn fún ogójì ìṣẹ́jú ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, apá ọpọlọ kan tí a fi ń rántí nǹkan ti fi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i lára àwọn tí ó rìn.

Ṣùgbọ́n àwa kò gbọdọ̀ dákẹ́ lórí èyí tí ó dùn wá jù. Ìyá àgbà tí ó ṣi ojú ọ̀nà ilé ara rẹ̀, tí ó bi ọmọ rẹ̀ léèrè pé, “Ìwọ ta ni?”, a máa rí ẹni tí yóò pè é ní àjẹ́. Àìsàn ọpọlọ ni. Ní ọdún 1992 ni àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn arúgbó wò ní Ìdíkàn, ní Ìbàdàn, àti ní ìlú Indianapolis. Ní ọdún 2001, wọ́n ròyìn pé iye àwọn tí àìsàn náà ń mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn kò tó ìdajì ti àwọn adúláwọ̀ Indianapolis. Ó wà níhìn-ín, ó wà lọ́hùn-ún, àìsàn kan náà ni. Ìgbà mìíràn wà tí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìbànújẹ́ ọkàn, etí tí kò gbọ́ràn dáadáa, tàbí oògùn tí ó ń lò ni ó ń da iyè arúgbó rú, dókítà sì lè ṣe nǹkan sí i. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Bí kò bá tilẹ̀ sí ìwòsàn, ẹ sọ orúkọ yín fún un pẹ̀lú sùúrù bí ẹ bá ti wọlé, bí òun náà ti fi sùúrù kọ́ yín ní orúkọ yín.

Àwọn àgbà ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Kí Olúwa, tí kì í gbàgbé májẹ̀mú rẹ̀, fún wa ní iyè láti rántí oore, kí ó sì fún wa ní ọkàn tí ó lè gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkejì wa. Àmín.