Ohun Tí A Kì Í Sọ fún Àwọn Ọmọ nípa Kumasi

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ìdílé Yorùbá tó bá ti Kumasi ní Gánà dé kì í ṣaláì ní ìtàn bí wọ́n ṣe lé àwọn àjèjì lọ́dún 1969 lẹ́nu. Bí ìtàn ẹrù la ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ: ìsọ̀ tí bàbá àgbà fi sílẹ̀ ní ọjà Kejetia, ilé tí wọn kò rí tà, gbèsè tí ẹni tó jẹ ẹ́ kò san mọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tíì tán síbẹ̀.

Kí àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà tó dé Góòlù Kóòsì (Gánà òde òní) ní 1947, àwọn oníṣòwò Yorùbá, tí ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ nínú wọn, ti ń dá ìjọ sílẹ̀ níbi tí ọjà bá gbé wọn dé. Ẹni tó ń pàtẹ láti Ọjọ́ Ajé títí di Àbámẹ́ta náà ló ń kọ́ ọmọdé ní Bíbélì ní Ọjọ́ Ìsinmi, láìgba kọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kẹ́rù rẹ̀ kúrò. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni Busia, Wesley College ní Kumasi ló sì ti kàwé. Kì í kúkú ṣe abọ̀rìṣà ló lé àwọn Yorùbá wọ̀nyí. Nígbà tí wọ́n lọ, ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi dàbí ahoro. Àwọn ọmọ Gánà tó ṣẹ́ kù gba iṣẹ́ ìjọ náà ṣe, iṣẹ́ ọ̀hún ò sì kú títí dòní.

Lójú tèmi, apá ti iṣẹ́ ìjọ yìí gan-an ló yẹ kí ọmọ gbọ́. Ẹ̀rí tí àwọn ọmọ ń gbọ́ lẹ́nu wa báyìí ni ti mọ́tò tuntun, físà àti ilé. Tí owó bá wọ́n wa, a ó tilẹ̀kùn yàrá, a ó máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Tó bá wá le jù, a ò ní lọ sí kọ́áyà mọ́, a ó ní ara wa ò yá. Ọmọ ń wò wá. Ohun tó máa rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìgbà tí ọjà bá tà là ń sin Ọlọ́run.

Mi ò sọ pé ká má sunkún o. Àwọn mìíràn ti sunkún ní ọ̀nà Kumasi ṣáájú wa. Lọ́dún 1869, àwọn ọmọ ogun Asante mú míṣọ́nnárì Fritz Ramseyer àti Rose ìyàwó rẹ̀, wọ́n ń kó wọn lọ sí Kumasi. Ìkókó wọn ọkùnrin kú lójú ọ̀nà. Ọdún 1874 ni wọ́n tó rí ìtúsílẹ̀. Lọ́dún 1896, tọkọtaya yìí tún padà sí Kumasi láti wàásù fún àwọn tó mú wọn. Ògiri irú ìdáríjì bẹ́ẹ̀ ga jù fún mi láti fò, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi mọ̀ pé àwọn kan fò ó.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún ń sọ ìtàn Kumasi fún àwọn ọmọ, ẹ dárúkọ ìjọ tí bàbá àgbà ti sìn, ẹ sọ iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀ àti ìjọ tó dara pọ̀ mọ́ nígbà tó délé lọ́wọ́ òfo. Bí owó ilé ìwé kò bá sì tíì pé, ẹ sọ ọ́ fún ọmọ tó ti gbọ́njú, ẹ jọ gbàdúrà sí i, kí ẹ sì lọ kọ́ kíláàsì Bíbélì yín lọ́jọ́ Ìsinmi.