Ká Tún Un Ṣe Ni, àbí Ká Ra Tuntun?

Nílé wa, kò sí ohun tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ bíi nǹkan iná tó bá bàjẹ́. Bí fáànù bá ń yí bí ẹni tí kò jẹun sùn, ẹnì kan á ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wé kọ́ìlì, ẹlòmíì á ní ká kúkú pe àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri, tí wọ́n ń pariwo “Condemn! Condemn!” Ṣùgbọ́n èyí tó le jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ti fírísà Màmá wa.

Ọdún 2009 ni wọ́n rà á, ní Ìbàdàn. Inú rẹ̀ ni omi inú ọ̀rá, zóbò àti ẹja tútù tí wọ́n ń tà ti ń jáde. Owó ibẹ̀ ni wọ́n fi rán àwa mẹ́ta lọ sílé ìwé. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà kọjá ti irin lásán. Ẹja ń yọ́ nínú ẹ̀, oníbàárà sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà ló kọ́kọ́ fèsì lórí WhatsApp: “Màmá, ẹ jù ú nù jọ̀ọ́. Màá fi owó tuntun ránṣẹ́.” Màmá gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀mejì, àwọn náà wá fi ohùn ránṣẹ́ padà: “O ṣé, ọmọ mi, wàá jẹun ọmọ. Ṣùgbọ́n ṣé wàá máa fi owó iná ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀ ni? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó yé mi. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra owó ọmọ. Ọjà yẹn ni ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò bá wọn dá sílẹ̀. Bí ọmọ bá ra fírísà, ọjà á di ohun tí ọmọ ń ṣe fún ìyá. Wọn ò tíì fẹ́ dé ibẹ̀ yẹn.

Owó tuntun náà kì í sì í ṣe kékeré mọ́. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan ò ju bíi náírà 460 lọ lójú ìwé ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Gbogbo ohun tó ń bá ọkọ̀ ojú omi wọlé ló gùn ún lọ sókè, tòkunbọ̀ náà ò gbẹ́yìn.

La bá pe bọ̀dá tó ń tún fíríìjì ṣe. Kí wọ́n tó tú nǹkan kan, wọ́n bi wá ní ìbéèrè: ṣé iná ẹ̀ ń tàn? Ṣé ó ń dún “kẹ́”, kó tún dákẹ́? Wọ́n ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ relay ni, nǹkan kékeré. Bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ láì tutù, ó ṣeé ṣe kí gáàsì ti jò. Wọ́n á wá ojú ihò náà, wọ́n á jó o pa, wọ́n á pààrọ̀ fílítà, wọ́n á fa atẹ́gùn inú ẹ̀ jáde kí wọ́n tó rọ gáàsì míì sí i. Ẹni tó bá kàn rọ gáàsì láì wá ibi tó ti ń jò, agbọ̀n ló fi ń pọn omi. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé kọ́ńpírésọ̀ ló kú, ẹ jókòó, kí ẹ ṣírò.

Relay ni tiwa. Wọ́n tún fi igba náírà há ẹnu ìdérí rẹ̀, wọ́n pa á dé, wọ́n fa owó náà: ó yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Rọ́bà ẹnu ẹ̀ ti kú, òtútù ń jáde. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Èmi ni mo mú mítà wọ ọ̀rọ̀ náà. Àdúgbò wa wà ní Band A, àwọn tí wọ́n sún owó iná wọn láti náírà 68 sí 225 fún yúníìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Mo pa gbogbo nǹkan yòókù nílé fún wákàtí mẹ́rìnlélógún: fírísà nìkan jẹ yúníìtì mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà, ó wálẹ̀ sí mẹ́ta. Ìyàtọ̀ náà lé ní 6,700 náírà lóṣù! Ṣùgbọ́n òótọ́ kò ṣeé fi pamọ́: bí a bá rí tuntun tó ń jẹ yúníìtì kan àtààbọ̀, a ó tún máa rí ju 10,000 náírà fi pamọ́ lóṣooṣù. Lójú ẹ̀gbọ́n mi, èyí tán ẹjọ́ náà.

Màmá kọ gbogbo iye náà sínú ìwé ọjà wọn. Lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n wọ èésú kan pẹ̀lú àwọn ìyá ọlọ́jà ẹgbẹ́ wọn. “Èyí á gbé mi dé ìgbà tí ó máa kàn mí,” wọ́n ní. “Nígbà náà ni màá ra tuntun, owó mi ni màá sì fi rà á.”

Láti ìgbà yẹn, mi ò gbà pé ìbéèrè méjì péré ló wà níbẹ̀. Kí ló bàjẹ́ gan-an? Èló ló ń jẹ lójúmọ́? Ta ló ń gbọ́ bùkátà lára ẹ̀? Ó sì ku ọ̀kan: níbo ni ògbó ń lọ? Àwọn kan máa ń dáná sun wáyà láti yọ bàbà inú ẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò ló sì ń fa èéfín ẹ̀ símú. Bọ̀dá tó tún un ṣe ti ní bọ́jọ́ rẹ̀ bá pé, ká gbé e wá fáwọn. Wọ́n á tú u, wọ́n á sì fi ẹ̀yà ara ẹ̀ tún tẹlòmíì ṣe.