Káàdì Kérésìmesì Nínú Ìtàn Sábó

Ojú méjì ni ará ìta fi máa ń wo Sábó ní Ilé-Ifẹ̀: ojú òwò àti ojú ìjà. Wọ́n mọ̀ ọ́n sí ibùdó àwọn Hausa tó ń ṣòwò obì. Wọ́n sì rántí ọjọ́ 8 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2017, tí àwọn ọlọ́pàá sọ pé ènìyàn 46 kú nínú ìjà láàárín Hausa àti Yorùbá, tí ilé àti ṣọ́ọ̀bù sì jóná. Òtítọ́ ni méjèèjì. Síbẹ̀, kò sí èyí tó sọ bí aládùúgbò ṣe ń bá aládùúgbò gbé nígbà tí ìlú rọgbọ. Mo gbà pé ẹ̀rí ìyẹn wà nínú àwọn àpótí ìdílé, lára káàdì Kérésìmesì tí ọmọ ilé fọwọ́ ṣe: kádíbọ́ọ̀dù tí a ṣẹ́ po, ìràwọ̀ tí a fi kíréyọ̀nù kùn, òwú tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ tí a kọ sínú káàdì ló ṣe pàtàkì jù. Bí a bá kọ “Sí Bàbá onílé wa àti gbogbo ará ilé”, tí a sì kọ ọdún sí i, a ti mọ̀ pé ayálégbé ló kọ ọ́, a mọ̀ pé onílé ni wọ́n kọ ọ́ sí, a sì mọ ìgbà tí wọ́n jọ gbé. Ta ló ń kọ ìwé àdéhùn nígbà tí ayálégbé bá gba yàrá kan lọ́wọ́ Alhaji onílé? Káàdì yẹn lè jẹ́ àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tó kù nípa àjọgbé náà.

Ẹnìkan lè sọ pé àṣà Òyìnbó ni káàdì, àti pé Mùsùlùmí ló pọ̀ ní Sábó. Lóòótọ́, Lọ́ńdọ̀nù ni Henry Cole ti tẹ káàdì Kérésìmesì àkọ́kọ́ jáde ní 1843. Ṣùgbọ́n ẹ wo Lamidi Fakeye, Mùsùlùmí tó gbẹ́ ère fún ìjọ Àgùdà lọ́dọ̀ Fadá Kevin Carroll, tó sì padà di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí. Ẹ̀sìn kì í sábà dí Yorùbá lọ́wọ́ láti bá ẹlòmíràn ṣọdún. Ẹran Iléyá ń wọ ilé Onígbàgbọ́, ìrẹsì Kérésìmesì ń wọ ilé Mùsùlùmí; káàdì kàn ń bá abọ́ ìrẹsì rìn ni.

Àtakò tó le jù ni pé ìkíni kì í sọ ibi. Àánú àti ayọ̀ nìkan ló ń kọ sílẹ̀. Mo gbà. N kò pè é ní ẹ̀rí pé ìjà kò sí. Ẹ̀rí pé àwọn ènìyàn mọ ara wọn ni. Bí káàdì bá ń wọlé lọ́dọọdún, tó wá dáwọ́ dúró, ìdádúró yẹn náà yẹ kí òpìtàn béèrè ìdí rẹ̀, ì báà jẹ́ ikú, ìkólọ, tàbí ìbẹ̀rù.

Iná tó bá jó ilé kì í mọ ìwé yàtọ̀ sí igi. Kí ìdílé tó bá ní irú káàdì bẹ́ẹ̀ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n bi àgbà ilé pé ta ni “Bàbá onílé”, kí wọ́n sì fi pẹ́ńsùlù kọ ìdáhùn sẹ́yìn rẹ̀. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kò jìnnà; ẹ̀dà lè wà ní ilé ìkàwé ibẹ̀. Ojúlówó ni kí ó wà lọ́wọ́ ìdílé, nítorí àwọn ló ni ìtàn tó wà nínú rẹ̀.