Ẹ Gbé Mi, Àbí Ẹgbẹ́ Mi?

Àwa mẹ́ta la jọ ru àpótí náà jáde ní Sábó, a gbé e dé Alágoméjì, òógùn bò wá. Ilé bàbá ọ̀kan nínú wa ni wọ́n ń kó ẹrù rẹ̀. Bàbá ti jáde láyé láti ọdún tó kọjá, wọ́n sì ti ta ilé náà. Màmá ní kí a kó àwọn àwo orin kúrò nílẹ̀ kí ẹni tó ra ilé tó wá dà wọ́n sójú gọ́tà. Wọ́n tó ogójì. Haruna Ishola wà níbẹ̀, I. K. Dairo wà níbẹ̀, Ebenezer Obey pọ̀ níbẹ̀ bí iyanrìn. Ẹyọ kan ló dà bí àlejò láàárín wọn: àwo tí Fela àti Africa '70 gbà sílẹ̀ pẹ̀lú òyìnbó onílù kan tó ń jẹ́ Ginger Baker, ní 1971.

Ẹ má jẹ́ ká purọ́ fún yín, owó ló gbé wa dé ìdí àwo yìí. Ọ̀rẹ́ wa kò tíì san owó ilé-ìwé, ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sì máa ti fọ́ọ̀mù. Ẹnì kan tó máa ń ra àwo àtijọ́ ti pè é pé òun kò fẹ́ Obey, òun kò fẹ́ Dairo, ẹyọ kan yẹn lòun ń wá. Iye tó dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tí à ń wá kiri. Àwa méjì tó kù ní kó tà á lọ́jọ́ náà. Ó kọ̀.

Ó ní, "Mi ò lè ta ohun tí bàbá mi fi pamọ́ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi, láìgbọ́ ọ."

A ní ṣebí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó lọ gbọ́ ọ níbẹ̀. Ó ní ti bàbá òun lòun fẹ́ gbọ́, èyí tí ojú rẹ̀ ti ha.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe. A kúnlẹ̀ díẹ̀, a dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, a ní, "Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé àwo yìí sí i." Bàbá nu ojú àwo náà, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n wá rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ mọ ibi tí ẹ dúró sí?"

A ò mọ̀. A ti ń gba Alágoméjì kọjá láti ọdún mẹ́ta, a ò mọ̀ pé àdúgbò yìí gan-an ni ilé ijó Kakadu wà láyé ọjọ́un, pé ibẹ̀ ni Fela ti ń ṣeré tó sì sọ ọ́ ní Afro-Spot. Àwa tí à ń kọ́ nípa ìtàn Ọ̀yọ́ ilé, a ò mọ ìtàn ibi tí a ti ń wọ kẹ̀kẹ́.

Abẹ́rẹ́ balẹ̀. Ohùn tó kọ́kọ́ jáde, bí ìgbà tí wọ́n ń dín àkàrà ni. Lẹ́yìn náà ni ariwo èèyàn. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n pe èrò wọlé kí ó lè di ojú agbo. Ginger Baker ti lu ìlù rọ́ọ̀kì kárí ayé pẹ̀lú ẹgbẹ́ Cream kó tó bá Fela ṣe èyí. Ní 1971 kan náà ló fi Range Rover la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó, tí wọ́n sì ya ìrìnàjò náà sí fíìmù. Lẹ́yìn náà, òun, Berkely Jones àti Laolu Akins jọ wà nínú ẹgbẹ́ Salt, kí àwọn yẹn àti Mike Odumosu tó fi lẹ́tà orúkọ wọn dá BLO sílẹ̀, tí wọ́n sì ṣe àwo Chapter One ní 1973.

Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé òyìnbó náà kò gba agbo mọ́ onílé lọ́wọ́. Tony Allen ń lu tirẹ̀ lọ jẹ́jẹ́, Baker ń fi tirẹ̀ kún un, bí omele tó mọ ibi tí ìyáàlù ń lọ.

Orin tó gbẹ̀yìn ló dá ìjà sílẹ̀. Ikán ti jẹ igun páálí àwo náà, "Egbe Mi O" nìkan ló kù tí a rí kà, kò sì sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Ẹ sì mọ àwa ọmọ ẹ̀ka Yorùbá. Ọ̀kan ní "Ẹgbẹ́ mi o" ni, ó ń ké sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èkejì ní irọ́, "Ègbé mi o" ni, ẹkún ló ń sun. A ń pariwo lórí ọ̀rọ̀ náà títí bàbá fi ní kí a jẹ́ kí àwọn gbọ́ orin.

Ọ̀rẹ́ wa ló yẹ fóònù rẹ̀ wò. "Ẹ gbé mi" ni. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ tì í sọ pé kí wọ́n gbé òun, òun fẹ́ kú. Ransome ṣì ni Fela ń jẹ́ nígbà náà, kò tíì sọ ara rẹ̀ ní Aníkúlápó.

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo wa la wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò gbé pósí bàbá jáde ní Sábó. Ọ̀rẹ́ wa kò sunkún lọ́jọ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù yìí ló ti sun ún, láàárín àwọn rédíò tí wọ́n ti tú nífun.

Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Kò sí èyí tó ṣì í kà nínú yín." A ò bá a jiyàn.

Ọjọ́bọ̀ ló ta àwo náà, àwa yòókù sì ṣa ìyókù owó jọ. Ó ti forúkọ sílẹ̀. Ohun tó kù lọ́wọ́ wa ni èyí tí a fi fóònù gbà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá. Kò mọ́ rárá. Jẹnẹrétọ̀ ń dún nínú rẹ̀, kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń ké "Ojúẹlẹ́gbà, wọlé!", bàbá ń wúkọ́, àwa náà ń jiyàn lórí àmì ohùn, orin sì ń lọ lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Tí ọ̀rẹ́ wa bá fẹ́ gbọ́ àwo bàbá rẹ̀, ìyẹn ló máa ń gbọ́.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, tí àwo bá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá yín, ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó tà á. Tí ẹ bá sì fẹ́ kọ orúkọ orin, ẹ dákun, ẹ fi àmì sí i.